Ètò ìtọ́sọ́nà fún nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn: èwo ló bá wọ́ọ̀dù yín mu?

Kí ẹ tó yan ètò ìtọ́sọ́nà èyíkéyìí fún àwọn nọ́ọ̀sì yín, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń ṣe wọ́ọ̀dù náà. Wọ́ọ̀dù kan wà tí àwọn nọ́ọ̀sì tuntun kì í lò tó ọdún kan kí wọ́n tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ pé àwọn àgbà iṣẹ́ gan-an ló ti rẹ̀, tí wọn kò ní agbára láti dáhùn ìkíni mọ́. Òmíràn sì wà tí ọwọ́ gbogbo wọn dá ṣáṣá lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ tí wọ́n ń bú ara wọn níwájú aláìsàn. Ètò kan ṣoṣo kò lè wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sàn. Síbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń ṣe ni pé wọ́n á mú ètò tí wọ́n rí níbòmíràn wọlé bó ṣe wà, láìbi àwọn nọ́ọ̀sì léèrè ohun tó ń dùn wọ́n. Tó bá fi máa di oṣù kẹfà, àwọn nọ́ọ̀sì méjì tí wọ́n so pọ̀ kí ọ̀kan lè máa tọ́ èkejì sọ́nà kì í rí ara wọn mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ìròyìn tí àjọ WHO gbé jáde ní 2025 sọ pé nọ́ọ̀sì mílíọ̀nù 29.8 ló wà lágbàáyé ní 2023, àti pé ó ṣì ku mílíọ̀nù 5.8 kí wọ́n tó pé. Wọ́ọ̀dù tó ń lé nọ́ọ̀sì lọ nítorí bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn lò ń pàdánù ẹni tí kò ní rọrùn láti rọ́pò.

Ètò márùn-ún ni mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nísàlẹ̀ yìí. Mo ní èrò tèmi lórí wọn, mi ò sì ní fi pamọ́. Ohun méjì ló ń pinnu bóyá ètò kan á ṣiṣẹ́, ju irú ètò tó jẹ́ lọ. Àkọ́kọ́: ṣé àkókò rẹ̀ wà nínú róstà, tàbí wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì máa wá àyè fún un nígbà tó bá ráyè? Èkejì: ṣé ẹni tí nọ́ọ̀sì ń finú hàn ni yóò tún jókòó kọ ìròyìn nípa iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀gá?

| Ètò | Ẹni tó wà fún | Bó ṣe ń pẹ́ tó | Ibi tó ti dára jù | Ibi tó ti ń kùnà |
|---|---|---|---|---|
| Preceptor | Nọ́ọ̀sì tuntun, tàbí ẹni tó yí wọ́ọ̀dù | Ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mélòó kan | Ọgbọ́n ọwọ́, ààbò aláìsàn | Tí preceptor náà bá ní iye aláìsàn kan náà bíi ti tẹ́lẹ̀ |
| Ètò ọdún àkọ́kọ́ | Àwọn tó jáde iléèwé papọ̀ | Oṣù 12 lọ́pọ̀ ìgbà | Dídá àwọn ẹni tuntun dúró sẹ́nu iṣẹ́ | Owó, àti ilé ìwòsàn kékeré |
| Olùtọ́sọ́nà ẹnì kan sí ẹnì kan | Nọ́ọ̀sì yòówù | Ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ | Ìlọsíwájú, ìgboyà | Tí wọ́n bá fipá so wọ́n pọ̀ |
| Ẹgbẹ́ ojúgbà | Àwọn tó wà ní ipele kan náà | Ó lè máa lọ títí | Owó díẹ̀, ìṣọ̀kan | Tó bá di ibi àròyé nìkan |
| Ìjókòó ìtura | Àwọn tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn | Ó ń lọ títí | Àárẹ̀ ọkàn, ìbínú, ẹ̀dùn | Tí ẹni tó ń darí rẹ̀ bá tún jẹ́ adájọ́ |

Preceptor

Preceptor ni nọ́ọ̀sì tó mọ wọ́ọ̀dù náà dunjú, tí ẹni tuntun máa ń tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣíìfù dé òpin. Wọ́n jọ ń ṣírò ìwọ̀n oògùn, wọ́n jọ ń fa iṣẹ́ lé àwọn tó ń bọ̀ lọ́wọ́, ó sì ń kọ́ ẹni tuntun bí a ṣe ń pe dókítà lóru tí ọ̀rọ̀ á fi yéni ní gbólóhùn mẹ́ta. Bí ohun tó ń bà yín lẹ́rù bá jẹ́ pé ẹni tuntun lè ṣe aláìsàn léṣe, ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ètò mìíràn tó lè dípò rẹ̀.

Ta ló yẹ kó jẹ́ preceptor? Ọ̀pọ̀ ibi máa ń yan ẹni tí iṣẹ́ yé jù lọ. Èmi kò fara mọ́ èyí pátápátá. Ní 1984, Patricia Benner, nọ́ọ̀sì tó tún jẹ́ olùwádìí, ṣàlàyé ìpele márùn-ún tí nọ́ọ̀sì máa ń gbà kọjá, láti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dé ọ̀jáfáfá, ó sì gbé e ka orí iṣẹ́ tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, àwọn Dreyfus, ti ṣe ṣáájú lórí bí èèyàn ṣe ń kọ́ ọgbọ́n iṣẹ́. Nínú àlàyé rẹ̀, ẹni tó ti lo nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́ta nínú irú iṣẹ́ kan náà ló wà ní ìpele kẹta: ó ń ronú, ó ń ṣètò, ó sì mọ ìdí tó fi ń ṣe ohun tó ń ṣe. Ní ti ọ̀jáfáfá, ó ti wọ̀ ọ́ lára débi pé ó lè wo aláìsàn lójú, kó mọ̀ pé nǹkan kan kò tọ̀nà, kó má sì lè sọ ìgbésẹ̀ tó fi mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, fún oṣù àkọ́kọ́, ẹ yan ẹni tó ṣì rántí bí iṣẹ́ náà ṣe ṣòro tó. Ẹ jẹ́ kí ọ̀jáfáfá dúró de ìgbà tí ẹni tuntun á ní ìbéèrè tó jinlẹ̀.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà nínú iṣẹ́ Benner tí àwọn ọ̀gá máa ń gbójú fò. Nọ́ọ̀sì tó ti di ọ̀jáfáfá ní wọ́ọ̀dù àgbàlagbà lè padà di ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e lọ sí ẹ̀ka àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ojú máa ń ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti béèrè nǹkan ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé lọ. Òun náà nílò preceptor.

Ohun tó ń ba ètò yìí jẹ́ kò fara sin: wọ́n á fún preceptor ní ẹni tuntun, wọn kò sì ní dín iye aláìsàn rẹ̀ kù. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹni tuntun bí ẹrù. Tí ẹ kò bá lè bu aláìsàn kan tàbí méjì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀.

Ètò ọdún àkọ́kọ́

Ní 1974, Marlene Kramer kọ̀wé nípa ohun tó ń bá nọ́ọ̀sì tuntun nígbà tó bá rí i pé ohun tí wọ́n kọ́ òun níléèwé àti ohun tó wà ní wọ́ọ̀dù kò bára mu. Ó ní inú ẹni náà á kọ́kọ́ dùn, ohun gbogbo á máa wù ú. Lẹ́yìn náà ni ìpayà á dé, tí á máa bínú sí iṣẹ́, sí ọ̀gá, sí ara rẹ̀. Ara rẹ̀ á wá balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Níkẹyìn á rí ọ̀nà tí yóò máa gbà bá iṣẹ́ náà lò. Ẹ wo bí àkókò rẹ̀ ṣe rí. Ìgbà tí preceptor ń tẹ̀ lé e kiri ni inú rẹ̀ ń dùn. Ìgbà tí wọ́n bá ní ó ti dá dúró, tí preceptor sì ti gba ẹlòmíràn, ni ìpayà náà sábà máa ń wọlé, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó mọ́.

Àlàfo yìí ni ètò ọdún àkọ́kọ́ ń dí. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan tó gbajúmọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2002 láti ọwọ́ àjọ àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì àti àjọ àwọn iléèwé nọ́ọ̀sì, ó sì ń gba ọdún kan gbáko. Nígbà tó di 2010, ìròyìn ńlá kan lórí ọjọ́ ọ̀la iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ dámọ̀ràn pé kí irú ètò bẹ́ẹ̀ wà fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn tí wọ́n gbà papọ̀ máa ń pàdé látìgbàdégbà, wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn, wọ́n sì máa ń ṣe iṣẹ́ kékeré kan tó lè tún wọ́ọ̀dù ṣe.

Mo fẹ́ràn ètò yìí, pàápàá fún ilé ìwòsàn ńlá tó ń gba ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ó nílò ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa darí rẹ̀, ó nílò yàrá, ó sì nílò kí gbogbo àwọn tuntun lè kúrò ní wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kan náà. Ilé ìwòsàn tó ń gba nọ́ọ̀sì méjì lọ́dún kò lè fi wọ́n ṣe kíláàsì. Àyàfi tí òun àti àwọn ilé ìwòsàn tó wà nítòsí bá pawọ́ pọ̀, kí ó fi owó náà dín iṣẹ́ preceptor kù.

Olùtọ́sọ́nà ẹnì kan sí ẹnì kan

Olùtọ́sọ́nà yàtọ̀ sí preceptor. Kì í tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì tó ń tọ́ sọ́nà kiri wọ́ọ̀dù. Ó lè má tilẹ̀ sí ní wọ́ọ̀dù kan náà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń jọ sọ ni pé, ṣé kí n lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i? Báwo ni mo ṣe lè bá mátírọ̀nù sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó dà bí àfojúdi? Ṣé èmi ni mi ò mọ iṣẹ́ ni, àbí ibi tí mo wà ni kò dáa? Kathy Kram, tó ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí irú àjọṣe yìí ní àwọn ọdún 1980, fi hàn pé ọ̀nà méjì ló ń gbà ṣàǹfààní: ó ń ṣí ọ̀nà ìlọsíwájú lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ń gbé ọkàn ró. Ó tún sọ pé àjọṣe náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní ìgbà tó ń gbèrú, ó ní ìgbà ìpínyà, lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì á wá di ojúgbà.

Tí ẹ bá ń yan ètò yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ́fíìsì kan jókòó pín àwọn èèyàn sí méjì-méjì láti inú ìwé orúkọ. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì náà dárúkọ ẹni mẹ́ta tó wù ú, kí wọ́n sì bi àwọn náà léèrè bóyá wọ́n fẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹnikẹ́ni nínú wọn lè sọ pé ó tó, láìṣàlàyé, láìsí ìbínú. Níbi tí bíbọ̀wọ̀ fún àgbà ti múlẹ̀ ṣinṣin, èyí ṣe pàtàkì gan-an, torí ẹni tó kéré kò ní lè la ẹnu sọ pé òun fẹ́ yí olùtọ́sọ́nà padà. Ìwé ètò náà ni kó bá a sọ ọ́.

Bí nọ́ọ̀sì bá wà níbi jíjìn, tí kò sí ẹni tó mọ irú iṣẹ́ rẹ̀ nítòsí, fóònù tàbí fídíò tó. Kí wọ́n kọ́kọ́ ríra lójúkojú lẹ́ẹ̀kan bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n má sì dárúkọ aláìsàn kankan lórí rẹ̀.

Ẹgbẹ́ ojúgbà

Níbi tí owó kò sí, tí àwọn àgbà kò sì pọ̀ tó láti pín kárí, ẹgbẹ́ ojúgbà ló kù. Nọ́ọ̀sì mẹ́rin sí mẹ́jọ tó wà ní ipele kan náà á máa pàdé fún wákàtí kan lóṣù. Ó nílò ẹni kan tó mọ bí a ṣe ń darí ọ̀rọ̀, torí láìsí i, ẹni méjì ni yóò máa sọ̀rọ̀, àwọn tó kù á máa mi orí. Kí ìpàdé kọ̀ọ̀kan parí sí ohun kan tí ẹnì kan fẹ́ gbìyànjú kí wọ́n tó tún pàdé.

Irú òmíràn wà tí ọ̀dọ́ ń tọ́ àgbà sọ́nà, pàápàá lórí kọ̀ǹpútà àti ìwé aláìsàn orí ẹ̀rọ. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ó dára láti fi kún ètò mìíràn, ṣùgbọ́n kò tó láti dá dúró.

Ìjókòó ìtura, àti ìdí tí adájọ́ kò fi yẹ níbẹ̀

Ètò yìí ni àwọn ilé ìwòsàn mọ̀ díẹ̀ jù, òun ni mo sì rò pé ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù nílò jù. Kò ní í ṣe pẹ̀lú bí a ṣe ń gún abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì tí ọmọdé kú sí lọ́wọ́ lálẹ́ àná, tó sì ní láti padà wá lónìí, kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ níṣẹ́. Ó nílò ẹni tí yóò jókòó tì í, tí yóò gbọ́ ọ, tí yóò sì bá a yẹ ohun tó ṣẹlẹ̀ wò. Brigid Proctor, ní àwọn ọdún 1980, to iṣẹ́ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ sí mẹ́ta: mímú ìlànà iṣẹ́ dúró, fífi kún ìmọ̀, àti títu ọkàn lára. Èyí ẹ̀kẹta ni ìjókòó ìtura gbájú mọ́.

Ìtàn àwọn agbẹ̀bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ mi ní ohun tí mo ń sọ nípa adájọ́. Láti ìgbà òfin 1902 ni òfin ti ní kí alábòójútó wà lórí agbẹ̀bí. Nígbà tó yá, alábòójútó kan náà tó yẹ kó máa ràn án lọ́wọ́ ni yóò tún ṣe ìwádìí rẹ̀ bí ọmọ tàbí ìyá bá kú. Lẹ́yìn ẹ̀sùn àwọn ẹbí tí ọmọ wọn kú sí ilé ìwòsàn kan, olùwádìí ẹ̀sùn aráàlú níbẹ̀ dámọ̀ràn ní 2013 pé kí wọ́n ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí pé ẹni tó ń ṣètìlẹyìn fún agbẹ̀bí kò lè tún máa wádìí rẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹta 2017, àbójútó tí òfin ní kó wà yìí dópin. Ìlànà tuntun, A-EQUIP, rọ́pò rẹ̀ láìsí agbára ìwádìí nínú rẹ̀. Ní 2021, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ìlànà yìí fún àwọn nọ́ọ̀sì pẹ̀lú, wọ́n sì ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Professional Nurse Advocate láti máa ṣe irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn.

Agbára láti tu nínú àti agbára láti jẹni níyà kò lè gbé ọwọ́ ẹnì kan kí nọ́ọ̀sì tó sọ òtítọ́. Bí ẹni tó ń darí ìjókòó bá jẹ́ mátírọ̀nù wọ́ọ̀dù náà, ọ̀rọ̀ dídán ni yóò gbọ́. Ẹ mú ẹni náà láti wọ́ọ̀dù mìíràn. Kí ẹ sì sọ ibi tí àṣírí pin sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́: tí aláìsàn bá wà nínú ewu, ọ̀rọ̀ náà kò lè dúró sí yàrá yẹn.

Bí ìṣòro bá jẹ́ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn lò

Àwọn nọ́ọ̀sì àgbà tó ń fi ojú ẹni tuntun gbolẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Láti 1986 ni Judith Meissner ti béèrè ní gbangba bóyá àwọn nọ́ọ̀sì ń pa àwọn ọmọ tiwọn jẹ. Olùtọ́sọ́nà lè gba ẹni tuntun níyànjú, àmọ́ bí kò bá mọ ohun tí yóò sọ lójú ẹsẹ̀, ìyànjú náà kò ní ràn án lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń jágbe mọ́ ọn.

Ohun kan wà tí Martha Griffin dán wò, tó sì kọ nípa rẹ̀ ní 2004, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì tuntun 26. Ó kọ́ wọn ní irú ìwà ìfiniṣẹ̀sín tó wọ́pọ̀, ó sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn dánra wò nínú ìdáhùn kúkúrú tí kò ní èébú nínú. Ó fún wọn ní káàdì kékeré tí ìdáhùn wọ̀nyẹn wà lára rẹ̀. Àwọn tó lò ó sọ pé ìwà náà dáwọ́ dúró. Iye èèyàn náà kéré, ṣùgbọ́n kò náni lówó, ó sì ṣeé fi kún èyíkéyìí nínú ètò márààrún. Bí àpẹẹrẹ: «Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo rí i lójú yín pé inú yín kò dùn sí ohun tí mo ṣe. Ẹ sọ ohun tí mo ṣì ṣe fún mi, kí n lè tún un ṣe.» Ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀, ìgboyà wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ léraléra níwájú olùtọ́sọ́nà wọn títí tí ohùn wọn kò fi ní gbọ̀n mọ́.

Bí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ẹnì kan náà nígbà gbogbo, iṣẹ́ ọ̀gá ni láti bá a wí. Ẹ má ṣe gbé ìyẹn lé olùtọ́sọ́nà lórí.

Kí lẹ ó fi mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?

Ẹ wọn nǹkan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọdún kan. Ìwé ìbéèrè tí Eileen Lake gbé jáde ní 2002, PES-NWI, tó ń wọn bí ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣe rí, ní ìbéèrè 31 tó pín sí ọ̀nà márùn-ún: ohùn nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, ìpìlẹ̀ ìtọ́jú tó dára, ìṣesí ọ̀gá nọ́ọ̀sì, iye òṣìṣẹ́ àti ohun èlò, àti àjọṣe nọ́ọ̀sì pẹ̀lú dókítà. Ẹ má kàn ṣírò àpapọ̀. Ẹ wo ibi tó kéré jù lọ. Tó bá jẹ́ ìṣesí ọ̀gá, ọ̀gá náà ni kí ẹ wá olùtọ́sọ́nà fún ṣáájú ẹlòmíràn. Tó bá jẹ́ iye òṣìṣẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ètò ìtọ́sọ́nà bò ó mọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń dá tọ́jú aláìsàn tó yẹ kí nọ́ọ̀sì méjì tọ́jú kò nílò ìmọ̀ràn lórí bí a ṣe ń fara dà á. Nọ́ọ̀sì kejì ló nílò.

Èwo ni kí ẹ mú?

Bí àṣìṣe oògùn láti ọwọ́ àwọn tuntun bá ń pọ̀, ẹ mú preceptor, kí ẹ sì dín aláìsàn rẹ̀ kù. Bí wọ́n bá ń lọ láàárín ọdún àkọ́kọ́, tí wọ́n sì pọ̀, ẹ mú ètò ọdún àkọ́kọ́. Bí wọn kò bá pọ̀, preceptor àti ẹgbẹ́ ojúgbà papọ̀. Bí àwọn tó ti lo ọdún mẹ́ta sí mẹ́wàá bá dà bí ẹni tó há síbì kan, olùtọ́sọ́nà ẹnì kan sí ẹnì kan ló tọ́ sí wọn. Ẹ̀ka tí ikú ti wọ́pọ̀, bíi ti pàjáwìrì, ti àrùn jẹjẹrẹ àti ti àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ kan ayé ẹsẹ̀ kan ọ̀run, kí ìjókòó ìtura wà níbẹ̀ ṣáájú ohunkóhun.

Bí ẹ kò bá tíì ní ohunkóhun, ẹ mú wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo àti ètò kan ṣoṣo. Ẹ kọ wákàtí rẹ̀ sínú róstà pẹ̀lú orúkọ ẹni tí yóò dúró ti àwọn aláìsàn ní wákàtí náà. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan ka iye ìgbà tí ìpàdé wáyé àti iye ìgbà tí wọ́n fagi lé e nítorí iṣẹ́. Bí èyí tí wọ́n fagi lé bá ti ń pọ̀ ju èyí tó wáyé lọ fún oṣù méjì léra, ẹ dá ètò náà dúró, kí ẹ mú àkọsílẹ̀ yẹn lọ bá àwọn tó ń gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́.